Ọlọ́pàá ní àlàáfíà lobìnrin náà wà, àṣé ó ti kú láti ọdún tó kọjá!

*Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Àlàbá Ràgó, Ìbà àti Òkòkómáíkò o

Ká ní ìjì ò jà nílùú London lóṣù kejì ọdún 2022 ni, ta ló mọ ìgbà tí wọn ì bá tó rí òkú obìnrin kan tó jókòó sórí àga ẹ̀ ní Peckham. Àdúgbò tó kún fáwọn ọmọ Yorùbá débi táwọn kan fi ń pè é ní Èkó kékeré ni Peckham yìí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta (58) lobìnrin ọ̀hún, iṣẹ́ akọ̀wé fáwọn dókítà ló ń ṣe, òun nìkan ló sì ń dá gbé. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n rí i gbẹ̀yìn.

Àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé pariwo títí. Wọ́n ní òórùn burúkú ń jáde, wọ́n ní ìdin ń rìn kiri. Nígbà tówó ilé ò wọlé mọ́, àwọn tó nilé kọ̀wé síjọba, ó sì di pé inú owó ìrànwọ́ ìjọba ni wọ́n ti ń gbowó wọn. Lóṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n já gáàsì ẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n tó ní kí ọlọ́pàá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ, wọ́n kanlẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Àmọ́ ohun tí ẹni tó ń kọ ìròyìn sílẹ̀ ní tẹ̀sàn kọ ni pé wọ́n ti rí obìnrin náà, àti pé àlàáfíà ló wà! Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Ìgbà tí ìjì ń gbá ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ gbàgà-gbàgà ni ọlọ́pàá tó fipá wọlé. Egungun ni wọ́n bá.

Ará Àlàbá Ràgó lè ní kí lèyí kan òun. Ó kàn ọ́n gan-an ni. Àwọn ará Òkè Ọya ló pọ̀ jù lọ́jà àgbò àti àlùbọ́sà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi ẹbí sílẹ̀ nílé wá dá gbé l'Ékòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni l'Ọ́jọ̀ọ́, ní Ìbà àti Òkòkómáíkò: ẹ máa rí akẹ́kọ̀ọ́ LASU tó dá gba yàrá, ẹ máa rí opó, ẹ máa rí baba arúgbó tọ́mọ ẹ̀ ti japa. Nínú ilé táwọn yàrá ti kọjú síra, tí màmá kan ò bá jáde wá gbálẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á kanlẹ̀kùn. Nínú fúláàtì onígéètì tá à ń kó lọ báyìí, ta ni yóò mọ̀?

Kẹ́ni tó mọ̀ tó lọ sọ ní tẹ̀sàn gan-an tún ni wàhálà. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn èèyàn. Wọ́n ní tí wọ́n bá ní èmi ni mo pa á ńkọ́? Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, gbogbo wa la mọ ohun tó fa ìwọ́de EndSARS lọ́dún 2020.

Síbẹ̀, òfin wà. Lọ́dún 2020 yẹn kan náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ọlọ́pàá tuntun tó rọ́pò èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1943. Abala kẹrin sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti ran ẹni tó wà nínú ìdààmú lọ́wọ́. Kì í ṣe ojúure tí wọ́n ń ṣe fún wa, iṣẹ́ wọn ni.

Àmọ́ ká má gbé gbogbo ẹ̀ lé wọn lórí. Ní London náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọlọ́pàá ti ní àwọn ò ní máa jáde sí ọ̀pọ̀ irú ìpè bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ẹni tó bá sún mọ́ni ló kọ́kọ́ ń mọ̀.

Torí náà, ẹ mọ ẹni tó ń dá gbé ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹbí ẹ̀ kan pa mọ́. Ẹ kó ṣeríkí ọjà, báálẹ̀, lándíládì àti ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú aráàlú, ìyẹn PCRC, mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá kanlẹ̀kùn tí kò dáhùn, ẹ pe 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni l'Ékòó. Kẹ́ ẹ sì pe ẹlẹ́rìí méjì-mẹ́ta dání, kẹ́nikẹ́ni má baà yí i mọ́ yín lọ́wọ́.

Tí ọlọ́pàá bá wá tó ní àlàáfíà lonítọ̀hún wà, ẹ bi í: ṣé ojú ẹ lo fi rí i? Kí ló bá ẹ sọ? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ilẹ̀kùn téèyàn kàn lásán ò tíì sọ fún wa bóyá ẹni tó wà nínú ilé ń mí.