Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Iṣẹ́ oṣooṣù nínú ìwé dáyárì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Adó-Èkìtì, láti Ọjà Ọba dé Ajílóṣun, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn dáyárì yín fún iṣẹ́ tó ń padà wá lóṣooṣù. Ẹ to orúkọ iṣẹ́ sí apá òsì, kí ẹ fa àpótí oṣù 12 sí apá ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lẹ ó kọ ọ́.

Ohun tó máa ń da èèyàn láàmú ni pé ọjọ́ wọn kò rí bákan náà. Owó orí tí ẹ yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Ti VAT, ọjọ́ 21. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ti ìmọ́tótó àyíká, nítorí náà ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó kọ déètì rẹ̀. Ọjà ọrọọrún ò tiẹ̀ ka oṣù sí rárá. Ẹ fún un ní ojú ewé tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú gbèdéke, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì lè dákú. Tí ẹ bá sanwó tán, nọ́ńbà rìsíìtì ni kí ẹ kọ sínú àpótí oṣù náà, kì í ṣe mààkì lásán.