Ṣé O Mọ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì Ojú Pópó, Ẹ̀mí Wa àti Àpò Ìjọba

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni òfin ojú pópó ilẹ̀ wa ń bu owó ìtanràn lé? Nínú àkọsílẹ̀ ìtanràn àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ẹni tí kò de bẹ́líìtì yóò san 2,000 náírà. Ẹni tó ń wakọ̀ tó tún ń fi fóònù sọ̀rọ̀ yóò san 4,000. Ẹni tó kó èrò tàbí ẹrù ju bó ṣe yẹ lọ, 10,000 ni tirẹ̀, ẹni tó ń wa ìwàkuwà á sì san 50,000. Wàyí o, iye kan náà, 50,000, ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún oníṣègùn tàbí ilé ìwòsàn tó bá lé ẹni tó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ padà. Òun náà ni wọ́n kọ fún agbaṣẹ́ṣe tó ń gbẹ́ títì láìgbé àmì ìkìlọ̀ tó tó síbẹ̀.

Mélòó nínú wa ló ti rí i rí kí wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún agbaṣẹ́ṣe? Mélòó ló ti gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan sanwó nítorí pé ó ní kí wọ́n lọ mú ìwé wá láti tésàn kó tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀? Takisí àti ọlọ́kadà là ń rí lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni iyèméjì ti ń wọ ọkàn aráàlú ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: ṣé nítorí ẹ̀mí wa ni wọ́n ṣe ń dá ọkọ̀ dúró, àbí nítorí owó? Iyèméjì náà tọ́ sí ìdáhùn gidi.

Ṣé o mọ̀ pé bẹ́líìtì ń dín ewu ikú kù tó nǹkan bí ìdajì fún ẹni tó jókòó níwájú ọkọ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ takisí láti Yabà ní Oǹdó, kí o máa bọ̀ ní Àkúrẹ́, kí o wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn ti wọ abẹ́ ìjókòó lọ, ẹnikẹ́ni kì í wá a. Ti iwájú wà níbẹ̀, eruku ti bò ó. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró sí, awakọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì á ṣẹ́ iná sí tiwa lẹ́ẹ̀mejì. Tiwa náà á ní, “Ẹ̀yin iwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa bẹ́líìtì yẹn dání.” Ẹ fà á dání ló wí, kò ní kí wọ́n dè é. Èrò á fà á kọjá àyà, á di irin orí rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Bó bá jẹ́ pé méjì ni wọ́n kó síwájú, bẹ́líìtì kan ṣoṣo náà ni àwọn méjèèjì á fi bo àyà. Bí wọ́n bá ti kọjá, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á sì sá padà fìrì.

Ohun tí mo rí nínú ìyẹn ni pé owó ìtanràn ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa ò pé. A ti mọ bí a ṣe ń sá fún ẹ̀ṣọ́. A ò tíì mọ bí a ṣe ń sá fún ikú, tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nílẹ̀ wa, tí ọ̀rọ̀ owó ò sí nídìí rẹ̀ rárá? Láwọn ọdún 1970, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́, ó ń pa olùkọ́. Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà ò lè gbà á mọ́ra. Òun ló wà nídìí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977. Nígbà tó di 1988, ìjọba Babangida gbé Òfin Karùndínláàádọ́ta jáde, wọ́n sì dá FRSC sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Ọ̀gá àgbà àwọn ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ ni Dókítà Olú Agúnlóyè, ọmọ Ẹ̀rúṣú Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí. Títí di òní, àwọn olùyọ̀ǹda wà nínú iṣẹ́ náà tí wọn kì í gba owó oṣù: olùkọ́, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ báǹkì, tí wọ́n ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn dúró sójú títì. Ẹni tó bá ní jìbìtì ni gbogbo ìdásílẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ṣẹ àwọn èèyàn wọ̀nyí.

Ṣé o mọ̀ pé bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń kọlu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin? Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí ọkọ̀ má ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú, tó sì fi 100 sí i fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ìpíndọ́gba eré bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pani á fi bí ìdá mẹ́rin lé sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹsẹ̀ sọdá níwájú géètì àríwá FUTA, tí ọ̀nà Iléṣà ń gbà kọjá, ò nílò kí ẹnikẹ́ni ka ìṣirò yìí fún wọn.

Àmọ́, wo ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ẹni tó sáré ju òfin lọ yóò san 3,000. Ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì yóò san 10,000. Ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ayédèrú yóò san 20,000. Ayédèrú ìwé kì í ṣe nǹkan kékeré, mo mọ̀. Síbẹ̀, eré ló ń pa ọmọléèwé tó ń sọdá, mi ò sì rí ìdí tí owó tirẹ̀ fi gbọ́dọ̀ kéré jù lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, ibẹ̀ ni màá nawọ́ sí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn awakọ̀ Oǹdó máa ń so màrìwò mọ́ ọkọ̀ wọn nígbà ọdún Ògún? Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ojú ọ̀nà ti wà lọ́kàn àwọn èèyàn wa kí wọ́n tó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí a gbọ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bu ìtanràn eré lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kẹ̀kẹ́ ni ọlọ́pàá fi lé e bá? Walter Arnold lorúkọ rẹ̀, ní Paddock Wood, nínú oṣù kìíní 1896. Máìlì mẹ́jọ ní wákàtí kan ló ń sá níbi tí òfin ní kó sá méjì. Ṣílè kan ni adájọ́ ní kó san lórí eré náà.

Ṣé o mọ̀ pé ní Finland, bí owó tó ń wọlé fún ẹni bá ṣe pọ̀ tó ni ìtanràn eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó? Ní 2023, olówó kan tó ń jẹ́ Anders Wiklöf sá kìlómítà 82 níbi tí wọ́n ní kó sá 50, ó sì san 121,000 yúrò. Wá ronú ti ibí. 2,000 náírà lè jẹ́ owó oúnjẹ ọjọ́ kan fún ọlọ́kadà ní Ọjà Ọba. Fún ẹni tó ń gun jíìpù lọ sí Alágbàká, kò tó owó omi tútù. Òfin kan náà ń ta ọ̀kan bí agbọ́n, kò sì ṣe èkejì ní nǹkan kan. Èyí tó lè mú àwọn méjèèjì dọ́gba wà nínú àkọsílẹ̀ FRSC fúnra rẹ̀, ìyẹn máàkì ìjìyà tó máa ń bá ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan rìn. Bí máàkì náà bá pé 10, ìkìlọ̀ ni. Bó bá pé 15, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ńsì fúngbà díẹ̀. Bó bá lé ní 20, wọ́n á gbà á. Máàkì kì í mú kọ́bọ̀ wọlé fún ìjọba, ìyẹn gan-an ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Àjọ tó bá ń tẹra mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé owó ló ń wá.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ferguson, ìlú kékeré kan ní Missouri nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn èèyàn rẹ̀ tó bíi 21,000 nígbà náà? Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Brown níbẹ̀ ní 2014, ìjọba àpapọ̀ tú ìwé ìlú náà wò, ó sì gbé ìròyìn jáde nínú oṣù kẹta 2015. Wọ́n rí i pé nínú ìṣúná bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ìlú ń retí láti inú ìtanràn àti owó ilé ẹjọ́. Ọ̀gá tó ń bójú tó owó ìlú ti kọ̀wé sí ọ̀gá ọlọ́pàá pé bí wọn ò bá fi kún tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já, owó ọdún tó ń bọ̀ ò ní pọ̀ tó. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń dá dúró. Ẹni tí kò rí owó san, wọ́n á fi òmíràn lé e, wọ́n á sì kọ ìwé pé kí wọ́n mú un. Ní ọdún 2015 yẹn, ìpínlẹ̀ Missouri ṣòfin pé ìtanràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìlú kan lọ.

Mo fẹ́ ká rò ó dáadáa, torí pé nínú ìwé ìṣúná àwọn ìpínlẹ̀ wa náà, ìtanràn ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ owó tó ń wọlé lábẹ́lé. Ẹni tó bá ti kọ iye tó ń retí sílẹ̀ ní oṣù kìíní, ó ti gbẹ́kẹ̀ lé e pé a ó máa dẹ́ṣẹ̀ títí di oṣù kejìlá. Bí gbogbo awakọ̀ Àkúrẹ́ bá yí padà lọ́la, ìnáwó rẹ̀ á ní àléébù. Irú ìrètí bẹ́ẹ̀ kò bá ààbò mu.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú rẹ̀ kí owó ìtanràn máa san owó kámẹ́rà tó ń mú àwọn asáré? Ní 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Aráàlú pariwo pé ẹ̀rọ ìpawó ni, nígbà tó sì di 2007 wọ́n dá ètò náà dúró. Lọ́dọ̀ wa, láti 2015 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní kí gbogbo owó rẹ̀ máa wọ àpò kan ṣoṣo, owó tíkẹ́ẹ̀tì FRSC kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kankan. Ẹni tó bá ní kó o mú owó wá lọ́wọ́ lójú títì, ẹ̀gúnjẹ ló ń gbà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn adájọ́ ti dá sí ọ̀rọ̀ ìtanràn ojú pópó yìí? Ní 2014, Onídàájọ́ Tsoho ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó sọ pé FRSC ò lágbára láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kó sì bu ìtanràn lé e, pé iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2024, Onídàájọ́ Evelyn Maha ní Àbújá sọ ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ nípa àwọn VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ní ìlú náà: kò sí òfin tó fún wọn láṣẹ láti gba ọkọ̀ ẹni tàbí bu ìtanràn lé e. Òfin FRSC ti 2007 pàápàá fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbà pé òun jẹ̀bi láti lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn tó mọ̀ pé àyè yìí wà kò pọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní Stockholm, ní 2010, wọ́n gbé kámẹ́rà kan kalẹ̀ tó ń ya fọ́tò ẹni tó pa òfin mọ́ pẹ̀lú? Wọ́n ń ṣe tẹ́tẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú owó tí àwọn asáré san. Ìpíndọ́gba eré níbẹ̀ lọ sílẹ̀ láti kìlómítà 32 sí 25.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1764 ni Cesare Beccaria, ará Ítálì, ti kọ ọ́ pé ìdánilójú ìjìyà ló ń dá ọ̀daràn lẹ́kun ju bí ìjìyà ṣe le tó? Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n á mú òun ní gbogbo ìgbà tí òun bá sáré kò nílò 50,000 kó tó tẹ bíréèkì. Ẹni tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n máa ń dúró, tí wọ́n á sì kúrò kí oòrùn tó mú, kò ní bẹ̀rù 500,000 pàápàá.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n dúró sí ni mo fi ń mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bó bá jẹ́ ibi tí títì ti dín, tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ fúnra rẹ̀, tí wọ́n wá ń bèèrè pátíkù, owó ni. Bó bá jẹ́ níwájú ilé ìwé, lẹ́bàá Owena tàbí Bọ́lọ́rundúró níbi tí awakọ̀ ti ń gbìyànjú láti ya ara wọn sílẹ̀, ní àṣálẹ́ tí àwọn tírélà ń já lọ, ẹ̀mí ni. A sì ní ohun tá a lè fi yan ibẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn tó fara pa wà ní Oǹdó, lọ́nà Láje, lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED. Àwọn tó ń gba aláìsàn wọlé níbẹ̀ lè béèrè ibi tí ọkọ̀ ti gbókìtì, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. FRSC náà ń kọ tirẹ̀. Kí wọ́n kó ìwé méjèèjì pọ̀, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ní Alágbàká lóṣooṣù: ibi báyìí, èèyàn mélòó ló kú síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì mélòó la já níbẹ̀, mélòó la já fún agbaṣẹ́ṣe.