Pàṣípààrọ̀ Hakeem Ọlájuwọ́n: Ó Tọ́ Tàbí Kò Tọ́?

Ẹni tí ó bá wí pé ọ̀rọ̀ eré kì í dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà kò tíì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun ní ìlú Ìgbárá-Odò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ọmọ ìlú kan tí ó ti pẹ́ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá kí àwọn ẹbí rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù pupa kan tí a kọ nọ́ńbà 34 sí lẹ́yìn. Tíṣà kan tí ó ń dúró de agẹrun wo ẹ̀wù náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kò tíì dárí jì wọ́n?”

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, “Báwo ni n ó ṣe dárí jì wọ́n? Ẹni tí ó kọ́ ilé fún wọn ni wọ́n tì síta nígbà tí agbára rẹ̀ tán.”

“Wọn kò tì í síta, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi jáde.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí ó tó rọlẹ̀. Agẹrun pàápàá gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ààbọ̀ orí ni ó gẹ̀ fún ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ tí ó fi dúró láti gbọ́ ẹjọ́.

Ẹni tí ó ni nọ́ńbà 34 náà ni Hakeem Ọlájuwọ́n. Ìlú Èkó ni a ti bí i ní ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 1963, ilé-ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College ní Èkó ni ó sì lọ. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti gùn gbọ̀ọ̀rọ̀ kí ó tó di bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n mú, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní básíkẹ́tì. Ní ọdún 1980 ó kọjá sí yunifásítì ìlú Houston. Ní ọdún 1984 ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un, ó sì bá wọn gbá bọ́ọ̀lù fún sáà 17. Ife ẹ̀yẹ méjì ni ó gbà fún wọn, ní ọdún 1994 àti 1995. Bọ́ọ̀lù 3,830 ni ó fi ọwọ́ gbá dànù kí wọ́n tó dé inú àwọ̀n, kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àjọ NBA ti ń ka irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ẹ ó rí i nígbà náà pé kì í ṣe ẹni kékeré ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Kí ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí tó dá ẹjọ́ láàárín àwọn méjèèjì, ó yẹ kí ẹ mọ bí pàṣípààrọ̀ ti ń rí nínú eré yìí, nítorí kò rí bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, owó ni ẹgbẹ́ kan fi ń ra eléré lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Nínú àjọ NBA, ènìyàn ni a sábà máa ń fi gba ènìyàn, tàbí kí a fi ẹ̀tọ́ yíyàn gbà á. Lọ́dọọdún, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ inú àjọ náà a kó ara wọn jọ, àwọn ẹgbẹ́ a sì máa yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹgbẹ́ tí kò ṣe dáadáa ní sáà tí ó kọjá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yàn, kí agbára má baà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo títí. Ẹgbẹ́ kan sì lè gbé ipò yíyàn tirẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ọjọ́ yíyàn tó dé. Ó dà bí ìgbà tí oníṣòwò bá ra obì lórí igi. Obì náà kò tíì gbó, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá gbó dáadáa, oníṣòwò jèrè. Bí kòkòrò bá ti wọ inú rẹ̀, owó rẹ̀ ti lọ.

Ní ọdún 1981, ẹgbẹ́ Indiana Pacers gba Tom Owens lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Portland Trail Blazers, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ yíyàn wọn ti ọdún 1984 san án. Sáà kan ṣoṣo ni Owens lò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ọdún 1984 pé, ohun tí wọ́n ti tà lórí igi di ipò kejì nínú gbogbo yíyàn ọdún náà. Houston tí ó ní ipò kìíní yan Ọlájuwọ́n. Portland fi ipò kejì yan Sam Bowie, ẹni tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbádùn eré. Ẹni tí ó kù sílẹ̀ fún Chicago Bulls ní ipò kẹta ni Michael Jordan. Ẹ kíyè sí èyí: Indiana ta ohun iyebíye ní ọ̀pọ̀, síbẹ̀ Portland tí ó rà á kò mú èrè rẹ̀ délé. Rírà jẹ́ ọgbọ́n kan. Mímọ ohun tí a ó fi ohun tí a rà ṣe jẹ́ ọgbọ́n mìíràn.

Nígbà tí ó fi di ọdún 2001, Ọlájuwọ́n ti pé ọmọ ọdún 38. Ní sáà 1994 sí 1995, àmì ayò tí ó máa ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan lé ní 27. Nísinsìnyí ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 12. Ní oṣù kẹta ọdún 2001, ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, àìsàn tí kì í ṣe ohun eré rárá. Ìwé àdéhùn rẹ̀ parí. Houston fi mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ Toronto Raptors, ní ilẹ̀ Kánádà, múra tán láti san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ní oṣù kẹjọ, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ṣe àdéhùn: Ọlájuwọ́n lọ sí Toronto, Houston sì gba ẹ̀tọ́ yíyàn méjì, ọ̀kan ní ìpele kìíní, ọ̀kan ní ìpele kejì.

Orí èyí ni tíṣà dúró lé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àdéhùn rẹ̀ ti parí. Bí wọ́n bá ní kí ó máa lọ láìgba nǹkan kan, ta ni ìbá bi wọ́n? Ohun tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni wọ́n tún rí nǹkan gbà lé lórí.”

Ará Houston dá a lóhùn pé, “Tíṣà, ìwé òwò ni ò ń kà fún mi. Bí àgbẹ̀ kan bá gbin kòkó ní oko yìí, tí ó fi tọ́ gbogbo wa, tí àwọn igi náà sì darúgbó, ṣé iye àpò tí ó ń so lọ́dún yìí ni a ó fi díwọ̀n rẹ̀? Wọn ìbá fi kún owó náà.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju bí tíṣà ti kà á sí lọ, n ó sì padà sí i.

Ní ti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ìdíje 61 ni Ọlájuwọ́n gbá fún Toronto, àmì ayò 7.1 ni ó sì ń jẹ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó sì fi eré sílẹ̀ ní ọdún 2002. Houston náà fi ẹ̀tọ́ yíyàn tí wọ́n gbà mú Bostjan Nachbar, ọmọ ilẹ̀ Slovenia, ní ipò 15. Ọmọ náà kò di ìràwọ̀. Kí ọdún 2004 tó parí, wọ́n ti gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn.

Níbí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ti dá sí i. Ó ní Houston ni ó jèrè jù, nítorí pé bí Ọlájuwọ́n ti lọ ni wọ́n ṣubú, ìṣubú náà ni ó sì fún wọn ní Yao Ming. Òótọ́ ni pé ìdíje 28 péré ni Houston borí nínú 82 ní sáà tí ó tẹ̀lé e, òótọ́ sì ni pé ipò kìíní bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ọdún 2002, tí wọ́n fi yan Yao, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà. Ṣùgbọ́n ipò tiwọn fúnra wọn ni ìyẹn. Kò sí nínú ohun tí Toronto fún wọn. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ sì mọ́. Kì í ṣe àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jiyàn nípa eré ni ó máa ń ṣubú sínú kòtò yìí: ohun gbogbo tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn.

Kòtò kejì jìn ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1995, Houston tí ó ṣì di ife ẹ̀yẹ mú gbé Otis Thorpe, ọ̀kan nínú àwọn tí ó jọ gba ife náà, fún Portland, wọ́n sì fi gba Clyde Drexler. Drexler àti Ọlájuwọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kùn. Wọ́n ní Thorpe ni ó ń ran Ọlájuwọ́n lọ́wọ́ nídìí àwọ̀n, ta ni yóò máa ṣe é báyìí? Nígbà tí sáà parí, ipò 6 ni Houston wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ó sì dà bí ẹni pé àwọn tí ó kùn jàre. Wọ́n borí Utah tipátipá. Wọ́n bá Phoenix pàdé, ó di ìdíje keje, ẹni tí ó bá pàdánù yóò lọ sílé. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Mario Elie ju bọ́ọ̀lù láti igun pápá. Ó wọlé. Houston jẹ 115, Phoenix jẹ 114. Láti ibẹ̀ wọ́n borí San Antonio, wọ́n sì na Orlando ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láìsí ìfidírẹmi kan. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ènìyàn ni ó ń pe pàṣípààrọ̀ Drexler ní ọgbọ́n ńlá.

Mo bi yín: bí bọ́ọ̀lù Elie bá ti kan irin tí ó sì ta sẹ́yìn ńkọ́? Thorpe ì bá ṣì jẹ́ Thorpe, Drexler ì bá ṣì jẹ́ Drexler, àwọn tí ó ṣe pàṣípààrọ̀ kò ì bá sì ti yí èrò wọn padà ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àwa nìkan ni ì bá máa pè wọ́n ní òmùgọ̀.

N kò sọ pé gbogbo wọn ni ó tọ́. Ní ọdún 1996, Houston yìí kan náà fi eléré mẹ́rin, tí Sam Cassell àti Robert Horry wà nínú wọn, gba Charles Barkley tí ó ti pé ọmọ ọdún 33. Ọdún 1997 ni wọ́n súnmọ́ ife jù, Utah sì lé wọn padà. Barkley kò gba ife títí ó fi fẹ̀yìntì. Horry gba márùn-ún sí i ní ibòmíràn.

Pàṣípààrọ̀ tí kò wáyé náà wà. Ní ọdún 1992, èdè-àìyedè ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ọlájuwọ́n àti àwọn aláṣẹ Houston nípa ìpalára ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé òun fún ẹgbẹ́ mìíràn. Nígbà náà ọmọ ọdún 29 ni, gbogbo ẹgbẹ́ ni ì bá sì fẹ́ ẹ. Wọn kò gbé e lọ. Ìjà náà parí, ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ife àkọ́kọ́ dé. Nígbà tí ará Houston bá ń sọ pé wọ́n ṣe àìmoore, ó yẹ kí ó rántí ìgbà tí wọ́n mú sùúrù yìí pẹ̀lú.

Ní ti Toronto, wọn kò ya wèrè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2001, ní ìdíje keje pẹ̀lú Philadelphia, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdánù, 88 sí 87. Vince Carter ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, kò wọlé. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ pàdánù yóò rò pé akọni kan sí i nídìí àwọ̀n ni ó kù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Ọlájuwọ́n kò pamọ́, àìsàn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pamọ́, àdéhùn ọdún mẹ́ta sì gùn jù fún ẹni ọdún 38. Nítorí náà, lójú tèmi, Toronto ni ó ṣe àṣìṣe, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹ̀yìn dùn ún lẹ́yìn náà, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó hàn sí wọn ní ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lu ìwé. Houston kò ṣe àṣìṣe nínú òwò. Bóyá wọ́n ṣe é nínú ọ̀wọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ìwé òwò kò lè dáhùn. Ẹni tí ó fi sáà 17 ṣiṣẹ́ níbì kan lè má fẹ́ kí a máa ka ọdún rẹ̀ sí i létí, owó kékeré sì máa ń ka ọdún síni létí.

Èyí ni mo sọ nígbà tí wọ́n ní kí n dá sí i. Tíṣà fi kún un pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, kò tíì ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó kúrò, Houston gbé ẹ̀wù nọ́ńbà 34 kọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ nọ́ńbà náà mọ́.

Ará Houston ní, “Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Síbẹ̀ n kò tíì dárí jì wọ́n.”

Agẹrun bá tan iná, ó sì padà sí orí ọmọ náà.