Kọ̀ǹpútà Ń Gbóná, Ó sì Ń Yí Ètò Ara Rẹ̀ Padà: Ta Ló Fọwọ́ Kàn Án?

Nígbà tí ooru oṣù keje àti oṣù kẹjọ bá dé sí Atlanta wa yìí, kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń làágùn. Kọ̀ǹpútà inú ilé náà ń jìyà tiẹ̀, àgàgà èyí tí àwọn ọmọ wa fọwọ́ ara wọn tò, tí iná pupa àti búlúù ń ṣẹ́jú nínú ẹ̀ bí ilé ijó.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 16 ti ṣe overclock sí kọ̀ǹpútà kí géèmù rẹ̀ lè máa sáré dáadáa. Kọ̀ǹpútà kan náà yìí ni ìyá rẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé nọ́ọ̀sì lálẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun náà ni bàbá rẹ̀ fi ń ṣírò owó táàsì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí hó bí ẹ̀rọ ìgbẹrun ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, iṣẹ́ tí ìyá ò tíì fi ránṣẹ́ bá a lọ. Nígbà tí wọ́n tan án padà, aago rẹ̀ ti padà sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́, gbogbo ètò tí ọmọ ṣe sí i sì ti pòórá. Ìyá ní fáírọ́ọ̀sì ni. Bàbá ní ọmọ ló bà á jẹ́. Ọmọ ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni ọmọ yẹn ń sọ.

Kí là ń pè ní overclock gan-an? Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn processor, dà bí onílù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti sọ iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ lu ìlù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gigahertz kan jẹ́ ìlù bílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá ṣe overclock ń sọ fún un pé kó lù ú yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe nǹkan òní. Ní 1998, Intel gbé Celeron 300A jáde. 300 megahertz ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sún un dé 450, wọ́n sì fi owó táṣẹ́rẹ́ rí ẹ̀rọ tó ń bá ti olówó ńlá díje. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn ọ̀dọ́ lára.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìyára kì í dá rìn. Tí ẹ bá fẹ́ kó sáré sí i, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ní láti fi voltage kún un, ibẹ̀ sì ni ooru ti ń yọjú. Bí ìyára bá ṣe lọ sókè ni ooru ń bá a lọ, ṣùgbọ́n ní ti voltage, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀ kí ẹ tó ṣírò. Ká ní processor kan ń jẹ 1.2 volt, tí ọmọ wá gbé e sí 1.4, tó sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún ìyára rẹ̀. Èrè tó jẹ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn. Ooru tó máa tì í jáde á fi nǹkan bí ìdajì lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọjà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pé?

Níbí ní Atlanta gan-an, ní oṣù kẹfà 2006, àwọn onímọ̀ Georgia Tech àti IBM fi hàn pé transistor kan tí wọ́n fi silicon àti germanium ṣe lè kọjá 500 gigahertz. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti mú un tutù dé nǹkan bíi 451 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Nínú yàrá lásán, nǹkan bíi 350 gigahertz ló lè dé. Tí Georgia Tech bá ní láti fi òtútù bẹ́ẹ̀ ra ìyára, ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu lọ́wọ́ fáànù ogún dọ́là nínú yàrá ọmọ yín.

Tí ẹ̀rọ bá ń gbóná, ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe gbóná tó. HWiNFO àti Core Temp wà lọ́fẹ̀ẹ́, Celsius ni wọ́n fi ń kà á. Tó bá jókòó lásán tó sì wà láàárín 30 sí 50, kò sí wàhálà. Tí géèmù bá ń lọ, 70 sí 85 ṣì ṣeé fara mọ́. Tó bá ti ń kan 95 tàbí 100 lemọ́lemọ́, ó ti dé ẹnu ààlà. Ọ̀pọ̀ processor Intel òde òní ní 100 bí òpin, ọ̀pọ̀ nínú ìdílé Ryzen 7000 ti AMD ní 95. Tó bá débẹ̀, fúnra rẹ̀ ni á dín ìyára kù. Tí ooru ò bá tún rọlẹ̀, á pa ara rẹ̀. Láyé àtijọ́ kò sí àánú bẹ́ẹ̀. Ní 2001, àwọn Tom's Hardware yọ irin tó ń gba ooru kúrò lórí Athlon ti AMD níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kíá ló jóná. Pentium 4 tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí kàn ń falẹ̀ ni. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i pé ìyára tó wà lójú ẹ̀rọ ti wálẹ̀ láàárín géèmù, kò sẹ́ni tó yí ètò padà. Ooru ló ní kó rọra. Tó bá sì wálẹ̀ nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ ń sinmi ni.

Ní Atlanta yìí, eruku ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ mọ lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò tí igi páìnì máa ń dà sórí mọ́tò wa nígbà tí òtútù bá ń lọ tán? Kì í ṣe mọ́tò nìkan ló ń bà lé. Ẹ fi eruku kápẹ́ẹ̀tì àti irun ajá kún un, ẹ ó rí i pé ẹnu ibi tí kọ̀ǹpútà fi ń mí á dí pátápátá láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ gbé e kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ paná rẹ̀, ẹ yọ wáyà, ẹ gbé e síta, kí ẹ fi agolo afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku náà dànù, kí ẹ sì fi ìka di fáànù mú kó má baà yí níyìíkuyìí.

Tó bá ti lo ọdún mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí ìpara eléérú tó wà láàárín processor àti irin orí rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ lè rí òmíràn rà ní Micro Center ní Duluth tàbí Marietta. Ẹ fi alcohol tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn nu ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun tó tó ẹ̀wà kan síbẹ̀. Kì í ṣe bọ́tà orí búrẹ́dì o. Tó bá jẹ́ pé omi ló ń mú ẹ̀rọ yín tutù, tí ooru rẹ̀ sì ń fò dé 100 láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì tí ẹ tan án, pọ́ǹpù rẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Ẹ tún rántí owó iná. Kọ̀ǹpútà géèmù tó ń jẹ 500 watt fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ á jẹ 90 kilowatt-hour lóṣù. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni owó Georgia Power sì máa ń ga jù, bẹ́ẹ̀ ooru kan náà ni AC ilé yín tún máa náwó láti tì jáde.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí ètò tó ń yí padà. Àwọn ètò wọ̀nyí kì í gbé inú Windows. Inú BIOS ni wọ́n ń gbé, ìyẹn ohun tó ń jí ṣáájú Windows, tó ń sọ fún gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà bí wọn á ṣe dìde. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ BIOS jù láyé, American Megatrends, tí wọ́n ń pè ní AMI, ará Georgia wa yìí ni. 1985 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Norcross ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kó lọ sí Duluth nítòsí ibẹ̀. Tí orúkọ yẹn bá yọ lójú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ní Lagos tàbí Cotonou, aládùúgbò yín ló ń kí wọn.

Tí aago bá padà sẹ́yìn, bátìrì ni. Pẹlẹbẹ kan bíi kọ́bọ̀ wà lórí motherboard, CR2032 lórúkọ rẹ̀, 3 volt. Òun ló ń tọ́jú aago, òun náà ló sì ń tọ́jú ètò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ nígbà tí wáyà iná bá kúrò. Tó bá kú, aago á padà sẹ́yìn, ètò á di ti ilé iṣẹ́, ìkànnì báǹkì pàápàá lè kọ̀ láti ṣí torí pé ọjọ́ orí ẹ̀rọ kò bá tiwọn mu. Àwọn kan ti tìtorí èyí ra kọ̀ǹpútà tuntun, bẹ́ẹ̀ dọ́là mélòó kan ni bátìrì náà ní Walmart tàbí CVS.

Tí aago bá pé ṣùgbọ́n tí ètò overclock pòórá, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́. Motherboard á gbìyànjú láti dìde, á ṣubú, á tún gbìyànjú. Tó bá ṣe é títí tí kò ṣeé ṣe, á da gbogbo ètò nù, á kọ nǹkan bíi "Overclocking failed" sójú ẹ̀rọ. Ó gba ara rẹ̀ là ni. Ẹ má tún ètò kan náà tẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Bákan náà, tí ẹ bá ṣe àtúnṣe BIOS, gbogbo ètò ló máa ń lọ. Ẹ tún wo inú Windows: Intel XTU, Ryzen Master àti irú wọn lè máa fi ètò tiwọn lé e nígbàkigbà tí Windows bá jí. Tí méjì bá wà lórí ẹ̀rọ kan, ìjà orogún ni wọ́n á máa jà.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni overclock tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Àwọn tó ń ṣe motherboard a máa sún ètò kọjá ààlà láti ilé iṣẹ́ wá, kí tiwọn lè gba ipò kìíní nínú ìdíje ìyára. Core i9-13900K tí Intel gbé jáde ní 2022, 253 watt ni Intel kọ pé kó máa jẹ tó bá ń sá eré àsápajúdé. Nínú BIOS ọ̀pọ̀ motherboard, 4096 lẹ ó bá níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí òpin kankan. Ní April 2023, àwọn kan nínú Ryzen 7000X3D ti AMD jóná mọ́ orí motherboard torí voltage tó pọ̀ jù, AMD sì fi òpin 1.3 volt sí apá tí wọ́n ń pè ní SoC. Lẹ́yìn náà ni ti Intel wá bú jáde. Processor ìran 13 àti 14 bẹ̀rẹ̀ sí daṣẹ́ sílẹ̀. Géèmù á jábọ́, á sọ pé memory káàdì fídíò ò tó, bẹ́ẹ̀ káàdì fídíò ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù keje 2024, Intel jẹ́wọ́ pé microcode inú processor ń béèrè voltage tó ga jù. Wọ́n gbé àtúnṣe 0x129 jáde lóṣù kẹjọ, 0x12B lóṣù kẹsàn-án, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáràńtì àwọn tí wọ́n tà nínú páálí, ó di ọdún márùn-ún.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Àtúnṣe yẹn ń dènà ìbàjẹ́ ni, kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Fún processor tó ti jìyà rẹ̀ fún ọdún kan, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Wáràńtì ni kí ẹ sáré lọ bá. Èkejì, lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ̀rọ lè falẹ̀ díẹ̀ torí pé BIOS ti dá a padà sí ààlà Intel. Ọmọ á ní wọ́n ti ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́. Ẹ jẹ́ kó kígbe, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wàhálà tiyín ti wá, ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé BIOS lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Delete tàbí F2 lẹ ó máa tẹ̀ ní kété tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Ẹ wá "Load Optimized Defaults", ẹ tẹ F10 kó gbà á. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó ń jẹ́ Multi-Core Enhancement ti kú, torí pé òun náà lè fara pamọ́ sábẹ́ "Auto". XMP àti EXPO tí wọ́n fi ń sún memory pàápàá, overclock ni. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí àìsàn náà bá lọ, ẹ ti mọ ohun tó fà á. Tí kò bá lọ, ẹ fi MemTest86 sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì fura sí power supply.

Ọmọ tó bá ṣì fẹ́ padà sí overclock, kó máa fi 100 megahertz lé e lẹ́ẹ̀kan, kó dán an wò pẹ̀lú Cinebench tàbí Prime95, kó tó tún sún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ìyá fi ń kàwé, tí bàbá fi ń ṣe táàsì, èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe overclock sí i rárá. Kì í ṣe torí kó má baà kú. Memory tí wọ́n sún kọjá agbára rẹ̀ lè yí nǹkan padà nínú fáìlì láìpariwo, ẹ ò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Ẹ ra dírọ́ọ̀fù ìta kan, kí ẹ máa kó iṣẹ́ yín sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń kó kọ̀ǹpútà àlòkù sínú dúrọ́ọ̀mù lọ sílé, ẹ dá BIOS rẹ̀ padà sí ti ilé iṣẹ́ kí ẹ tó dì í. Ooru Ìbàdàn àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ò ní gba overclock tó ń ṣiṣẹ́ nínú AC níbí. Tí irin ìtutù orí processor bá wúwo, ẹ tú u sọ́tọ̀, torí pé ó lè já lójú ọ̀nà kó fọ́ motherboard. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn power supply dáadáa: tó bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní bọ́tìnì pupa kékeré, 115 ló máa wà níbí. Ẹ tì í sí 230 kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì pe ẹni tó máa gbà á nílé pé kó tún un wò kó tó ki í bọ iná.