Kí Ni Ọmọ Adití Ń Lọ Kọ́ ní Internat?

A pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò wẹ̀yìn. Ìyá ní olóríkunkun ni, ìyá àgbà ní ayé ló ṣe é. Nígbà míì, etí ló di, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Méningite, àrùn tó ń mú kí ọrùn gan, lè di etí ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá ń gbọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ etí àti jíjókòó níwájú nínú kíláàsì lè ràn án lọ́wọ́.

Èyí tí kò gbọ́ rárá ńkọ́? Ìyà rẹ̀ lábúlé ni pé òun nìkan ni. Ẹnì kan ṣoṣo kì í dá èdè sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ adití kan fi ní internat, níbi tí ọmọ ń sùn, tó ń jẹun, tó ń fọṣọ pẹ̀lú àwọn ọmọ bíi tirẹ̀. Nínú kíláàsì, olùkọ́ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ń kọ Faransé sójú pátákó. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdí àwo oúnjẹ ni ẹ̀kọ́ gidi wà: ibẹ̀ ni ọmọ kékeré ti ń wo ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe ń dápàárá, bí wọ́n ṣe ń jà, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

Èdè ọwọ́ yìí kò ti ilẹ̀ Faransé wá o. Láti Amẹ́ríkà ni. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí méningite di etí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11, ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó dé Ìbàdàn ní 1960, ó sì kọ́ àwọn adití láti ilẹ̀ onífaransé kí àwọn náà lè di olùkọ́.

Ibi tó le ni vacances. Ọmọ padà wálé pẹ̀lú èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọ́. Inú ń run ún, kò rí ẹni sọ fún. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, kò rí ẹni sọ fún.

Nítorí náà, ẹ má kàn já ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì kí ẹ wọ zém padà. Ẹ bèèrè ẹni tó ń sùn ti àwọn ọmọ lálẹ́. Ẹ ní kí olùkọ́ kọ́ yín ní àmì díẹ̀: omi, inú rírun, “ta ló lù ẹ́?” Tó bá di vacances, ẹ bi ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀. Èyí tí ẹ sọ ọ́, kò gbọ́ ọ rí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi ọwọ́ sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, bóyá nítorí àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bóyá nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ, kí ẹ máa fi pè é.