Ìdí-igi: Bí ìṣirò ogún ṣe ń tọ́ka sí ìyá tí ìtàn ìdílé gbàgbé

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú ní Èkó ní ọdún 1940. Kò ṣe ìwé ìhágún, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní wíìlì. Ìyàwó 4 àti ọmọ 9 ló fi sílẹ̀. Báwo ni kí wọ́n ṣe pín ogún rẹ̀? Ìbéèrè yìí gbé ẹbí náà dé kọ́ọ̀tù, ẹjọ́ náà sì sọdá òkun dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti parí ẹ̀ ní 1962.

Àwọn lọ́yà máa ń ka ẹjọ́ yìí nítorí òfin. Àwa tá à ń wá ìtàn ìdílé wa, ìṣirò inú ẹ̀ ló yẹ ká kọ́.

Ọ̀nà méjì, ìṣirò méjì

Ọ̀nà méjì ni àṣà Yorùbá ní láti pín ogún ẹni tí kò ṣe wíìlì. Ọ̀kan ni ìdí-igi: wọ́n á pín ogún sí iye ìyá tó bímọ fún olóògbé, àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan á wá pín tiwọn láàárín ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí: wọ́n á ka iye ọmọ, gbogbo wọn á sì gba iye kan náà. Nínú ẹjọ́ Dawodu, adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Federal Supreme Court yí i padà sí ìdí-igi. Privy Council náà gbà pé ìdí-igi ṣì múlẹ̀, àmọ́ bí àríyànjiyàn bá dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àpẹẹrẹ tiwa wò ó. Bàbá kan fi £1,600 sílẹ̀ fún ọmọ 9. Ìyá kìíní bí 4, èkejì bí 2, ẹ̀kẹta bí 2, ẹ̀kẹrin bí ẹyọ 1. Ní ìdí-igi, £400 ni ti ìyá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ 4 àkọ́kọ́ á gba £100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, àwọn 4 tó tẹ̀ lé wọn á gba £200, ọmọ kan ṣoṣo yẹn á dá gba £400.

Ká ní ìwé ogún yẹn ló wá bọ́ sọ́wọ́ yín lónìí. Kò dárúkọ ìyá kankan. Orúkọ 9 àti iye owó nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé owó náà ti sọ̀rọ̀? Àwọn tó gba £100 jẹ́ iyèkan. Ẹni tó gba £400 kò ní iyèkan nínú ogún yìí. Àwọn 4 tó gba £200 wá láti ọ̀dọ̀ ìyá méjì, ṣùgbọ́n owó nìkan ò lè sọ ẹni tó jẹ́ iyèkan ta ni.

Ibí yìí ni DNA ti lè ṣèrànwọ́. Chromosome Y ò ní wúlò, torí ọ̀dọ̀ bàbá ni gbogbo ọmọkùnrin ti ń gbà á, ọbàkan sì ni gbogbo wọn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá ni DNA inú mitochondria ti ń wá, ọmọbìnrin ló sì ń gbé e lọ fún ọmọ tirẹ̀. Bí ìdí-igi ṣe ń tò wá gan-an nìyẹn. Bí ìlà obìnrin inú ìdílé náà ò bá já, àyẹ̀wò lè fi ìyá kan hàn yàtọ̀ sí èkejì.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ wo òfin tí wọ́n fi pín in. Bí ọmọkùnrin bá gba ìlọ́po méjì ohun tí ọmọbìnrin gbà, tí àwọn ìyàwó sì jọ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, òfin Ìsìláàmù ni. Ìyẹn ò ní sọ ìyá ọmọ fún yín.

Ẹni tí ìwé ò rí

Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ ló ń mú ìyá wọnú ìṣirò. Nítorí náà, ìyàwó tí kò bímọ, ì báà lo 40 ọdún nínú ilé náà, kò ní ìdí kankan nínú ìwé. Ọmọ tó kú ṣáájú bàbá láìní ọmọ tirẹ̀ náà ò ní sí níbẹ̀. Ìwé ogún ń ka ẹni tó ní ẹ̀tọ́, kì í ka gbogbo ẹni tó gbé ilé.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀

Ní Nàìjíríà, ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tí olóògbé gbé. Bó bá jẹ́ England tàbí Wales ló kú sí, àkọsílẹ̀ ogún wà níbẹ̀ láti 1858, ó sì sábà máa ń sọ ọjọ́ tí olóògbé kú àti ibi tó ń gbé.

Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá fún àwọn àgbà ilé kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹni tó bá ń béèrè ìwé ogún ní kọ̀rọ̀, wọ́n á rò pé ilé ló fẹ́ gbà, ìjà tó ti sùn á sì jí. Bẹ́ ẹ bá jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìwé kankan ò lè dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wo ni bàbá wa fẹ́ tí kò bímọ?" Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kọ ọ́.