Èdè Láàárín Ìyá àti Ọmọ: Àwọn Ìyá Ará Ṣáínà àti Ọmọbìnrin Wọn nínú The Joy Luck Club

Ohun tí a gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí ìyá àti ọmọ fi lè jọ gbé inú ilé kan náà kí wọ́n má gbọ́ ara wọn yé. Ìtàn àròsọ The Joy Luck Club, tí Amy Tan gbé jáde ní 1989, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Oakland ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n bí òǹkọ̀wé náà sí ní 1952. Ará Ṣáínà ni bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ìyá mẹ́rin àti ọmọbìnrin mẹ́rin ni ìtàn náà dá lé. Ojú àwọn ìyá ti rí màbo ní Ṣáínà kí wọ́n tó tẹ̀dó sí San Francisco. Suyuan fi ìbejì rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tó ń sá fún àwọn ọmọ ogun Japan. Ó ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Jing-mei, ọmọ rẹ̀, ló jókòó sí àyè rẹ̀ nídìí ayò mah-jongg. Àwọn ìyá mẹ́ta yòókù ní kó lọ sí Ṣáínà, kó lọ ròyìn ìyá wọn fún àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ? Ẹ̀rù ba àwọn àgbà náà, torí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tiwọn náà kò mọ̀ wọ́n. Lójú tiwa, kò sí ibi tó wọni lára tó ibí yìí nínú ìwé náà.

Èdè ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ìyá a sọ èdè Ṣáínà, ọmọ a fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Àbọ̀ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ń sọ; èdè tí àwọn ọmọ ìbá fi sọ ọ́ di odindi ni wọn kò ní.

Ẹ wo Waverly, ọmọdé tó mọ chess ta. Lindo ìyá rẹ̀ a mú un rin ọjà, a sì máa fi í yangàn fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé. Ìyá gbà pé ògo ọmọ, ògo òun ni. Ọmọ gbà pé ìyá ń gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fìbínú sọ̀rọ̀ sí i ní gbangba. Ẹni tó bá pe Lindo ní agbéraga kò tíì kàwé náà tán. Ọmọ ọdún méjì ni wọ́n ti fi í fọ́kọ, ọgbọ́n orí ló sì fi bọ́. Ọgbọ́n yẹn náà ni Waverly ń fi ta ayò.

Nínú àròkọ Mother Tongue (1990), Amy Tan ṣàlàyé bí òun ṣe máa ń díbọ́n lórí tẹlifóònù pé òun ni ìyá òun, torí àwọn èèyàn kì í ka Gẹ̀ẹ́sì ìyá náà sí. Nígbà tó wá ń kọ ìtàn rẹ̀, ìyá yìí ló fi ṣe òǹkàwé tó ní lọ́kàn. Ìyá kà á tán, ó ní ó rọrùn láti kà.